Òfì Onífírémù Mẹ́rin: Ìlò àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Òfì tí àwọn ọkùnrin ahunṣọ Ìṣẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè ní fírémù olókùn méjì, tí òwú ìta ń gba ojú okùn wọn kọjá. Bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì a sọ̀kalẹ̀. Òwú ìta a là sí méjì, ọkọ̀ ìhunṣọ a sì gba àárín rẹ̀. Òfì ńlá onífírémù mẹ́rin kò kúrò nínú ìlànà yìí. Ohun tí ó fi kún un ni iye ọ̀nà tí òwú ìta lè gbà là: méjì péré ni ti fírémù méjì, 14 ni ti mẹ́rin, 254 sì ni ti mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti ń pọ̀ tó ni ààyè àṣìṣe ń gbòòrò tó. Bí okùn tí ó so fírémù kan mọ́ ìtẹsẹ̀ bá nà, fírémù náà kò ní gòkè tó àwọn yòókù. Ọkọ̀ yóò gba orí òwú tí ó yẹ kí ó gba abẹ́ rẹ̀, àbùkù náà yóò sì máa hàn jálẹ̀ aṣọ.

Nítorí náà, ara iṣẹ́ ìhun ni ìtọ́jú òfì jẹ́. Kí òwú tó gun òfì, ó yẹ kí ahunṣọ wọn òfì láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba, òfì ti wọ́ nìyẹn. Ní àkókò òjò, irin eléyín bí òòyà tí a fi ń gbá òwú a máa dípẹtà, ìpẹtà a sì ba òwú funfun jẹ́. Ó yẹ kí a máa nù ún gbẹ. Bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, kí a dẹ òwú ìta, kí ó má baà nà jù.