Ooru ló ń pa 504, kì í ṣe ogbó

Oṣù kẹta ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ tó ń to mọ́tò Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504. Kò pẹ́ tó fi di mọ́tò ọ̀gá ilé ìwé, oníṣòwò kòkó àti awakọ̀ èrò ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n ti ṣíwọ́ títo rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó wà nílẹ̀ kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí náírà náà sì já wálẹ̀, tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lè sáré rà mọ́. Èyí tó wà nílé ni kí oníkálukú tọ́jú.

Bí 504 bá kú, àwọn èèyàn á ní ó ti gbó. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Irin líle ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì rẹ̀, síléèfù inú rẹ̀ sì ṣeé yọ fi tuntun sí. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó dé e lórí. Bí ooru bá pọ̀ jù, alumíníọ̀mù á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ kò ní lè dí i pa mọ́, omi àti ọ́ìlì á sì pàdé níbi tí kò yẹ.

Òkè ló máa ń tú àṣírí. Mọ́tò tó rọra rìn láti Òṣogbo dé Iléṣà lè gbóná gidi bó bá yà ní Ìwàràjà tó kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àgàgà bó bá ru ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, láàárọ̀, kí wọ́n tó sítáàtì. Kí onímọ́tò ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kó wo omi. Bó bá ń dín lójoojúmọ́ tí kò sì jò sílẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbà lọ. Kó fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, kó má sítáàtì rárá, kó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Kó tẹ fáànù bẹ́ẹ̀tì wò, nítorí òun ló ń yí ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri. Họ́ọ̀sì tó bá ti rọ̀ jù tàbí tó ti sán kò ní pẹ́ bẹ́.

Omi wo ni kí wọ́n bù sí i? Kúláǹtì ló dáa jù, torí kì í jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹrà. Bí kò bá sí, omi òjò tí wọ́n gbè lẹ́yìn tí òjò ti fọ òrùlé sàn ju omi kànga lọ, èyí tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ máa ń dí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rédíétọ̀.

Mẹkáníìkì púpọ̀ ló ti yọ témósítáàtì sọnù, wọ́n ní ilẹ̀ yìí gbóná. Ìtànjẹ ni o. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ á kàn máa mu epo ni.

Bí mọ́tò bá hó lójú ọ̀nà, kí wọ́n pa á, kí wọ́n jókòó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹni tó bá kánjú ṣí ìdérí, ojú rẹ̀ ni omi gbígbóná máa dà sí. Omi tútù tí wọ́n bá sì sáré dà sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè là á.

Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Bí tọ́ọ̀pù bá ti wọ́ ná, mẹkáníìkì á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ há a kó lè tẹ́jú. Ó dáa kí onímọ́tò bá a lọ, kó béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti há a rí, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá há a ló ń tín-ín-rín sí i.