Rìsífà sítẹ́ríò àtijọ́: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò lára rẹ̀ kí ẹ tó náwó sí i

Láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ẹ̀rọ orin tuntun tó ní láárí ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ojú àwọn olólùfẹ́ orin fi ń padà sára ẹ̀rọ àtijọ́. Láti ọjà Àlàbà ní Èkó títí dé àwọn ìsọ̀ àlòkù ní Accra àti Kútọnu, ẹni tó bá fara balẹ̀ wá a lè rí àpótí onírin kan tó wúwo, tí iwájú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tí pákó bo ìhà rẹ̀ méjèèjì, tí iná sì ń tàn rọra lẹ́yìn gíláàsì níbi tí nọ́ńbà rédíò wà. Rìsífà ni wọ́n ń pè é.

Ohun èlò yìí lè sìn yín fún ogún ọdún sí i. Ó sì lè jóná lójú yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ so ó mọ́ iná. Ìkọ̀wé kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń sọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ̀yìn yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í yí wò.

Kí ni rìsífà?

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni rédíò tó ń gba FM àti AM. Èkejì ni apá tó ń yan ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, ìbáà ṣe rédíò, kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo orin, tó sì ń ṣètò ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ampilifáyà, tó ń sọ ìró tín-ín-rín di alágbára títí yóò fi lè mi sípíkà méjì. Rìsífà kò ní sípíkà nínú. Ọ̀tọ̀ lẹ ó ra ìyẹn. Èyí ló fi yàtọ̀ sí rédíógíráàmù tí àwọn bàbá wa gbé sí pálọ̀, tí ohun gbogbo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan.

Ọdún 1970 sí nǹkan bí ọdún 1980 ni ayé yẹ ẹ́ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ Japan bíi Pioneer, Sansui, Kenwood, Yamaha àti Technics ń bára wọn díje nígbà náà, wọn kò sì ṣahun irin. Pioneer nìkan kó odidi ọ̀wọ́ kan jáde lọ́dún 1976, láti orí SX-450 tó ní wáàtì 15 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan títí dé SX-1250 tó ní 160. Lọ́dún 1978 ni SX-1980 tẹ̀ lé e, pẹ̀lú wáàtì 270 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 35, àgbéléjìká sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ dá a gbé.

Ní Nàìjíríà, àkókò náà bọ́ sí ìgbà owó epo rọ̀bì àti owó Udoji, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi àjẹmọ́nú owó oṣù tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà ra ẹ̀rọ orin sílé. Nítorí náà, kì í ṣe inú ọjà tòkunbọ̀ nìkan ni rìsífà àtijọ́ wà. Àwọn kan ṣì wà nínú yàrá àwọn àgbà, tí eruku ti bò wọ́n. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ẹbí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Èyí tí wọ́n rà nílé nígbà náà sàn ju tòkunbọ̀ lọ lọ́nà kan tó ṣe pàtàkì: iná wa ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ iná ló le jù

Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà, Ghana, Benin àti Togo wà láàárín fóòtì 220 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ti Japan kò ju 100 lọ. Ṣájà fóònù òde òní kò bìkítà, torí ó lè gba ohunkóhun láti 100 dé 240. Rìsífà àtijọ́ kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 120V sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ sì so ó mọ́ iná wa tààrà, nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tó lè gbà ni yóò wọ inú rẹ̀. Bí fíúsì rẹ̀ bá tètè já, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá já, inú rẹ̀ lè jóná, ohun tó sì wà nítòsí rẹ̀ lè bá a lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́nu wáyà rẹ̀ tàn yín jẹ. Kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Oníṣòwò lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láìfọwọ́ kan inú ẹ̀rọ náà rárá.

Àwọn rìsífà kan ní ohun kékeré kan lẹ́yìn tí a lè yí, tí wọ́n kọ 110, 120, 220 àti 240 sí. Irú èyí ni kí ẹ wá ṣáájú. Ẹ yí i sí 240 kí ẹ tó so ó mọ́ iná, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí 110 ni ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn fi í sí. Bí kò bá ní i, tó sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí Japan, ẹ gbọ́dọ̀ ra transformer tó ń dín iná kù, kí ẹ sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó rìsífà. Iye wáàtì tí ẹ̀rọ náà ń jẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbára transformer náà fi ìlàjì ju ìyẹn lọ, ó kéré tán. Kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n kọ 50/60Hz síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60Hz nìkan máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lórí iná tiwa, tó jẹ́ 50Hz.

Ní ti iná tó ń lọ sókè sódò, stabilizer kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í sáà ba rìsífà jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí sípíkà kùn bí oyin.

Rédíò tí kò gbọ́ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ

Ìṣòro kan tún wà tó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. FM tiwa bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 88 títí dé 108. Ti Japan láyé ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ láti 76, ó sì parí sí 90. Rìsífà tí wọ́n ṣe fún títà ní Japan fúnra rẹ̀ kò lè gbọ́ ju ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ rédíò tó bá bọ́ sí àárín 88 sí 90. Oníṣòwò lè sọ pé eríàlì ni kò dára. Kì í ṣe eríàlì. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú gíláàsì: bí ó bá parí sí 90, ọjà abẹ́lé Japan ni wọ́n ṣe é fún, àfàìmọ̀ kí iná rẹ̀ má jẹ́ fóòtì 100 pẹ̀lú. Àmì kan ṣoṣo ni ó tú àṣírí méjì.

Bí orin inú fóònù àti àwo orin nìkan lẹ fẹ́ gbọ́, èyí kò burú. Ẹ kàn lò ó láti fi ná an wálẹ̀.

Wáàtì mélòó ló tó?

Lára páálí àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tuntun, wọ́n a máa kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì, wọn a sì fi PMPO sí i. Kò sí òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò kankan tó de nọ́ńbà yẹn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣírò tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Irú àbùmọ́ bẹ́ẹ̀ gbòde ní Amẹ́ríkà rí, títí tí àjọ Federal Trade Commission fi gbé òfin kalẹ̀ lọ́dún 1974 pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi wáàtì polówó gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹ̀rọ náà lè mú jáde láìdáwọ́ dúró, pẹ̀lú bí ìró náà yóò ṣe dàrú tó. Ìdí nìyẹn tí wáàtì 30 ara rìsífà ìgbà náà fi jẹ́ 30 lóòótọ́.

Etí wa pẹ̀lú ní bó ṣe ń ṣírò. Kí ìró tó dún létí bíi pé ó di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáàtì 30 àti 60 kéré jọjọ, bí owó wọn tilẹ̀ jìnnà síra. Fún pálọ̀ lásán, 15 sí 40 ti tó. Àwọn ńláńlá tí àwọn olùkójọ ohun àtijọ́ ń lé kiri lókè òkun, pàápàá Marantz àti Pioneer tó tóbi, orúkọ lẹ ó máa sanwó fún. Lójú tèmi, Kenwood tàbí Technics kékeré tí kò lókìkí, tí ara rẹ̀ dá, ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí Trio, ẹ má kọ̀ ọ́: Kenwood kan náà ni, orúkọ tí wọ́n ń lò ní Japan àti Britain ni.

Ẹ dán an wò níṣojú yín

Òfin tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011 lórí ẹ̀rọ oníná gba kí wọ́n kó àlòkù tó ń ṣiṣẹ́ wọlé, ó sì ka èyí tó ti kú léèwọ̀. Oníṣòwò tó ní kí ẹ gbé e lọ sílé láìdán an wò ń gbé ẹrù tirẹ̀ lé yín lórí ni.

Ẹ mú sípíkà àlòkù kékeré kan tí kò dùn yín lọ́wọ́ lọ, nítorí rìsífà tó ti bàjẹ́ nínú lè da iná sí sípíkà, kó sì jó o. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ́tí: ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ṣe "kọ́" lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo sípíkà ló ń sọ pé ara le. Bí ìró yẹn bá kọ̀ láti dún lára èyí tó ní in, tí orin kò sì jáde, ẹ gbé e padà sórí àtẹ. Àwọn kékeré kan kò ní i láti ilẹ̀. Bí ẹ bá ń yí bọ́tìnì tó sì ń dún ṣàràṣàrà, eruku ni. Atúnrédíòṣe yóò fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ oníná sí i, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n bí sípíkà bá ń kùn láìdáwọ́ dúró nígbà tí ohùn wà ní òdo, àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ti lè gbẹ, ìyẹn sì gba owó. Ẹ má ṣe tú ìdérí rẹ̀ fúnra yín: kàpásítọ̀ wọ̀nyí lè fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, bíi ti yàrá àwọn àgbà, ẹ má kàn tan án. Atúnrédíòṣe tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi gílóòbù àtijọ́ oníwáyà sí ojú ọ̀nà iná rẹ̀. Bí gílóòbù náà bá tàn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀, ó dára. Bí ó bá tàn yòò tí kò rọlẹ̀, àbùkù wà nínú, gílóòbù ló sì gba ìyà rẹ̀ jẹ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e délé

Ẹ má ná gbogbo owó yín tán sórí rìsífà; sípíkà ló ń kọrin. Ẹ fi ìka kan fóòmù tó yí bébà sípíkà àlòkù ká. Bí ó bá ń rún, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń so wáyà, kí pupa wọ pupa, kí dúdú wọ dúdú ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan so, ìró ìlù ńlá yóò pòórá nínú orin.

Fóònù tàbí Bluetooth kékeré máa ń wọ ojú ihò AUX tàbí TAPE. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí kì í ṣe ti fóònù bó ti wù kí orúkọ jọra. Ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin nìkan ló ni ín, torí ìró tó ń jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì nílò àfikún agbára. Ọ̀pọ̀ ampilifáyà tuntun kò ní ihò yìí mọ́. Àwo E.T. Mensah, ti Victor Olaiya tàbí ti Orchestre Poly-Rythmo tó wà lábẹ́ ibùsùn àgbà kan nílé yín ló ń dúró dè é.

Àwọn ihò tó wà lórí rìsífà ni ooru ń gbà jáde. Aṣọ léèsì àti ìkòkò òdòdó tí a máa ń tò sórí ẹ̀rọ ní pálọ̀, ẹ wá ibòmíràn fún wọn.