Kí Ló Wọ́n: Ọjà Ni Àbí Owó?

 

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni láti la ọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé yé àwọn ọ̀dọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo yàn, nítorí òun ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín jù: kí ló dé tí gbogbo nǹkan fi wọ́n báyìí? Mo sì mọ èsì tí púpọ̀ nínú yín máa ń fún ara yín: àwọn ìyá ọlọ́jà ló burú, wọ́n ti fẹ́ràn owó jù. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn o. Ẹni tí yóò fi irú rẹ̀ kan ẹnìkejì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Bí Yorùbá bá ní nǹkan "wọ́n", ìtumọ̀ méjì ló ní: kò pọ̀ nílẹ̀, owó rẹ̀ sì ga. Bí a bá ní a rà á ní "ọ̀pọ̀", a ń sọ pé owó táṣẹ́rẹ́ la fi rà á. Àwọn baba wa ti rí i pé bí nǹkan bá pọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bí kò bá sì kárí àwọn tí ń wá a, owó rẹ̀ á gòkè. Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Ohun méjì ló ń pinnu iye tí a ń ta ọjà: bí ọjà ṣe pọ̀ tó nílẹ̀, àti bí àwọn tó fẹ́ rà á, tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn, ṣe pọ̀ tó.

Ẹ wo tòmátì. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí wọ́n ń tà ní ọjà Mile 12 ní Èkó ti ń wá. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní ìpínlẹ̀ Kaduna àti níbòmíràn. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba Kaduna kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Tòmátì wá di ohun àpéwò ní Èkó. Ṣé ìyá alátà ló rán kòkòrò lọ sí Kaduna ni? Òun náà san owó gọbọi kí ó tó rí apẹ̀rẹ̀ kan rà. Lọ́dún yẹn, ọjà ló wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà. Ọjà lè wà bí ó ṣe wà, kí ó jẹ́ pé owó gan-an ló di ọ̀pọ̀. Ní ọdún 1324, Mansa Musa, ọba Mali, gba ìlú Cairo kọjá nígbà tí ó ń lọ sí Hájì. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ná wúrà, wọ́n sì fi ṣe sàárà, títí wúrà fi kún ìlú náà. Al-Umari, òǹkọ̀wé ayé ìgbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ọba yìí tó dé, mithqal wúrà kan kì í wálẹ̀ ju dirham 25 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó já sí 22, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà, kò tíì padà sípò. Wúrà ni o! Bí wúrà bá lè di ọ̀pọ̀, kí la ó ti wí nípa owó bébà?

Owó tiwa náà rèé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Ní ọdún 1977, ₦20 ni bébà owó tó tóbi jù. Ó di ₦50 ní 1991, ₦100 ní 1999, ó sì di ₦1,000 ní 2005. Ṣé a ti lówó ju àwọn baba wa lọ tó bẹ́ẹ̀ ni? Owó náà ló ń fúyẹ́ sí i. Ní ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún, náírà sì já wálẹ̀ sí dọ́là láti oṣù Kẹfà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 títí ọdún náà fi parí, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó ọjà fi ohun tó ju 30 nínú 100 lọ ga ju ti ọdún tó ṣáájú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ohun tí a ń rà ní ₦10,000 di ₦13,000. Ọmọ tó fi ₦10,000 sínú kóló, tó fọ́ ọ lẹ́yìn ọdún kan, bá owó rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò lè ra ohun tó tìtorí rẹ̀ kó o jọ mọ́. Kò sí olè tó wọlé.

Ṣé ohun tí mo wá ń sọ ni pé ọlọ́jà kì í ṣẹ̀? Rárá o. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn èèyàn bẹ Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kí ó bá wọn dá iye lé ọjà. Kò gbà, nítorí kò fẹ́ pàdé Ọlọ́hun pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn rẹ̀. Òun kan náà ló sì sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tó ń kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n. Ẹ mọ ìyàtọ̀ o: ẹni tó ra ẹ̀wà nígbà ìkórè, tó ń tà á díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà tí kò sí lóko mọ́, ń ṣe ìlú lóore. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà tí ebi ń pa ìlú, tó ń retí kí ó tún wọ́n sí i, òun la ń bá wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dé ọjà tí iye tí wọ́n pè bà yín lẹ́rù, ẹ béèrè ohun méjì kí ẹ tó lanu bú ìyá oníyàá: ṣé ọjà ló wọ́n ni, àbí owó ló fúyẹ́? Ẹni tó bá sì ń kọ́ṣẹ́, bí owó díẹ̀ bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ó má fi gbogbo rẹ̀ sínú kóló. Kí ó fi díẹ̀ ra ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀; bí owó bá fúyẹ́, abẹ́rẹ́ àti sọ́ọ́sì kò ní tìtorí ẹ̀ má ránṣọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí òwò wa. Àmín.