Ṣọ́ọ̀bù Kọ̀ǹpútà Láàárín Ọjà Ìmọ̀ta: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ará Ìlú Máa Retí?

Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti kó ìdánwò àbáwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kúrò lórí ìwé pátápátá, tí ó sì ti di ohun tí ọmọ ń jókòó ṣe níwájú kọ̀ǹpútà, kò sí òbí kan ní Ìmọ̀ta, tàbí ní àwọn ìlú tó tò lọ sí Agbówá àti Ìtòíkìn, tó tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí kò kan òun. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ń súnmọ́ agbègbè náà pẹ̀lú: ní 2022 ni Poli ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí ìjọba Èkó kọ́ sí Ìmọ̀ta fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìyẹn irú èyí tó ṣeé gbé sínú àpò lọ sílé ẹ̀kọ́, ṣì gbọ́dọ̀ gba Sábó kọjá sí Máìlì 12, kó ti ibẹ̀ gba Kétu àti Ọjọ́ta, kí ó tó já sí Ìkẹjà tí ó bá fẹ́ rí ọjà tó pọ̀ tó láti ṣà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìrètí fi pọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yóò máa ṣí sáàárín ọjà àdúgbò bí ti fóònù ti ṣe ṣí. Ìrètí náà tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí lọ́wọ́ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó lè fún wọn.

Owó pọ́ọ́kú ni ọ̀pọ̀ ń retí. Wọ́n gbà pé nígbà tí owó ọkọ̀ àti wàhálà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti kúrò, tí owó ìsọ̀ ní Ìmọ̀ta kò sì tó ti Ìkẹjà, dandan ni kí ọjà wálẹ̀. Ìṣirò yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ kò wo bí òwò náà ti ń rìn. Ọ̀tigbà, ìyẹn ọjà Ìkẹjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village, jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé lásán kí àwọn oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iwájú ilé di ìsọ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, ìgbà tí fóònù GSM sì dé ní 2001 ni èrò wá kún un bámúbámú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ọjà yìí, fi hàn pé kì í ṣe inú ìsọ̀ kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ wà bí kò ṣe nínú bí àwọn oníṣòwò ti fara kọ́ra, tí wọ́n ń yá ara wọn lọ́jà, tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn níṣẹ́. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí kò sí lórí àtẹ, ọmọ iṣẹ́ á sáré lọ sí ìsọ̀ kejì, á gbé e wá láìsan kọ́bọ̀, á tà á, á yọ èrè tirẹ̀, á sì dá owó ọlọ́jà padà. Òwò bàràndà nìyẹn, títa ọjà ọlọ́jà lórí ìgbẹ́kẹ̀lé, òun ló sì jẹ́ kí ẹni tí kò ní ju kọ̀ǹpútà márùn-ún lọ máa ṣe bí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún.

Ní Ìmọ̀ta, ata rodo àti aṣọ àńkárá ló wà ní ìsọ̀ kejì. Owó ara rẹ̀ ni onísọ̀ yóò fi ra gbogbo ohun tó bá tò sórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni iye kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé dọ́là, pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà. Bí ó bá ta ẹ̀rọ ní iye àná, owó tó bá gbà lè má ra òmíràn. Bí ó bá sì gbé e lé iye òní, àwọn ará àdúgbò á ní ó ń rẹ́ àwọn jẹ. Nítorí náà, iye Ìkẹjà, owó ọkọ̀ àti èrè díẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa retí, kì í ṣe iye tó rọjú ju ti Ìkẹjà lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣèlérí kọ̀ǹpútà tó pọ́ọ́kú ju ti Ọ̀tigbà lọ, ó tọ́ kí a béèrè ibi tí ó ti yọ owó náà, bóyá nínú èrè rẹ̀ ni tàbí nínú ẹ̀rọ, nítorí pé kò ṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́ láti yọ RAM, ìyẹn ibi ìrántí kọ̀ǹpútà, tó tóbi kúrò nínú ẹ̀rọ kí ó sì fi kékeré rọ́pò rẹ̀ láìsí pé ara ẹ̀rọ yí padà. Owó ọkọ̀ náà pàápàá lè pọ̀ sí i: ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà Ọ̀tigbà lọ sí Kàtàngówà ní agbègbè Agbádó àti Òkè-Odò; bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà ará Ìmọ̀ta á túbọ̀ jìn sí i.

Ohun tí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò lè fúnni, tí Ọ̀tigbà kò sì ráyè fúnni, ni àkókò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí owó ará ìlú ká jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù tí a kó ti òkè òkun wá, tó jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ló lò ó fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí pàǹtírí eléwu) tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 àlòkù ohun èlò oníná, láti orí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n dé orí kọ̀ǹpútà, ló ń wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá. Rírà tòkunbọ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn lágbára ju tuntun olówó kékeré lọ, ṣùgbọ́n ó gba àyẹ̀wò, àyẹ̀wò sì gba ìjókòó.

Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá yóò kọ́kọ́ wo àtẹ bọ́tìnì: bí àmì owó pọ́n-ún bá wà lórí bọ́tìnì 3, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ti wá, bí Z bá wà níbi tí Y yẹ kó wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe é fún. Yóò tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, yóò ṣí ìdérí, yóò sì pa á dé láti mọ̀ bóyá ìdè rẹ̀ ti yẹ̀. Yóò tan ẹ̀rọ náà, yóò pa á, yóò sì tún un tàn láti rí i dájú pé ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ín kò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í láti ìpìlẹ̀, nítorí pé irú àtìpa bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹ̀rọ tó dára di ẹrù lásán lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ àtúntò. Lẹ́yìn náà ni yóò kan bátìrì: lórí Windows, àṣẹ kan wà tí à ń kọ báyìí, powercfg /batteryreport, tí yóò tẹ ìwé àbọ̀ jáde, nínú èyí tí iye agbára tí bátìrì ní nígbà tí wọ́n ṣe é àti iye tí ó lè gbà báyìí wà lára ohun tí a ó rí. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní, a jẹ́ pé bátìrì ti rẹ̀. Kí a wá yọ ṣájà, kí a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní Ìkẹjà, níbi tí èrò ti ń ti ara wọn, tí àwọn tó ń pe oníbàárà sì ń fa ènìyàn lápá, ta ni yóò fún ẹnikẹ́ni ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2012, lè gbé ẹ̀rọ wá bá ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó tì í kí ó tó sanwó. Ṣọ́ọ̀bù Ìmọ̀ta tó bá fún oníbàárà ní àga àti wákàtí kan ti ṣe ohun tí iye owó tó dínkù kò lè ṣe.

Níbi ọ̀rọ̀ gárántì, ìyẹn ìlérí pé olùtà yóò tún ẹ̀rọ ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò kan, ni àríyànjiyàn tó gbóná jù wà. Lórí tòkunbọ̀, àkókò náà lè má ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, wọ́n sì sábà máa ń yọ bátìrì àti ojú ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjì yìí wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àwọn kan gbà pé ilé ìtajà onígíláàsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì ń fi ẹ̀rọ tẹ rìsíìtì, ni ó ṣeé fọkàn tán, nítorí pé orúkọ ńlá kò ní fẹ́ tẹ́. Òfin pàápàá ò dákẹ́: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 pa á láṣẹ pé kí olùtà sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí a tún ṣe, kí ó kọ rìsíìtì, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Gbólóhùn tó máa ń wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà, kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó wà ní Ìkẹjà fún ẹni tó ń gbé ní Ìmọ̀ta ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ nínú, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ kan nínú, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi í sílẹ̀.

Àwọn kejì ní ìdí yìí gan-an ni ó fi yẹ kí olùtà jẹ́ ará àdúgbò, ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, tí a mọ ìyá rẹ̀, tí ìyálọ́jà lè ránṣẹ́ pè. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ó sì ti dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú òwò mìíràn, àmọ́ ó yẹ kí a ṣọ́ra fún bí ó ti rọrùn tó lẹ́nu. Ìyálọ́jà lè dá ẹjọ́ gàrí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé, nítorí pé gbogbo ọjà ló mọ òṣùwọ̀n náà. Ta ni yóò dá ẹjọ́ pátákó ẹ̀rọ tó jóná, nígbà tí olùtà ń sọ pé iná tó ga jù nílé oníbàárà ló jó o, tí oníbàárà sì ń sọ pé bí wọ́n ti tà á fún òun nìyẹn? Nínú irú ẹjọ́ tí kò sí ẹ̀rí, ẹni tó ní ẹbí jù nínú ìlú ló máa ń jàre, bí olùtà bá sì jẹ́ àlejò, ẹ̀bi á ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó lanu. Ìmọ̀ra tún ní ìṣòro kejì, ìyẹn àwìn. Olùtà tí gbogbo ènìyàn mọ ni gbogbo ènìyàn lè bẹ̀ pé òun á san ìyókù nígbà tí oṣù bá parí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọn kò san owó rẹ̀ tán sì lè gbé èrè márùn-ún lọ. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí àdéhùn wà lórí ìwé: nọ́ńbà ẹ̀rọ, ipò tí bátìrì wà lọ́jọ́ títà, ohun tí gárántì kàn àti èyí tí kò kàn, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú níwájú ẹni kẹta. Nígbà náà ni ìyálọ́jà á ní ohun tí ó lè wò.

Gbogbo èyí dá lórí pé ẹnìkan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó lè ṣí ẹ̀rọ. Ẹni tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ẹnjiníà, ìyẹn ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, yálà ó lọ sí yunifásítì tàbí abẹ́ ọ̀gá ni ó ti kọ́ṣẹ́, ni ó yẹ kí ará ìlú kọ́kọ́ béèrè bí ṣọ́ọ̀bù tuntun bá ṣí. Bí gbogbo ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ bá tún ń padà sí Ìkẹjà nínú àpò ọmọ iṣẹ́, a jẹ́ pé kò sí ohun tó yí padà ju pé ẹlòmíràn ló ń wọkọ̀. Ẹnjiníà nílò tábìlì, ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ àwọn ohun kéékèèké kúrò lórí pátákó ẹ̀rọ, àti iná tí kò ní lọ láàárín iṣẹ́. Ikeja Electric ló ń pín iná fún agbègbè yìí, ìpele wákàtí iná tí wọ́n bá sì pín òpópónà kan sí, láti A dé E, ni yóò sọ bóyá onísọ̀ lè gbára lé wáyà tàbí kí ó fi owó sóláà kún owó ọjà. Ọ̀dọ́ tó ti Ìkòròdú àti Ìmọ̀ta lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ọ̀tigbà kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ń dá wọn dúró sí Ìkẹjà ni pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó bàjẹ́ pọ̀ sí, tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n nílò sì wà ní ìsọ̀ kejì.

Òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ìsọ̀ tọdọọdún, nítorí náà ọdún kan náà ni ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní láti fi mọ bí òwò ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ata tí ènìyàn ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀kan lónìí lè má ra òmíràn títí ọmọ rẹ̀ yóò fi jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí, ó lè wá ra ṣájà, ó lè wá pààrọ̀ bátìrì, omi lè dà sórí bọ́tìnì rẹ̀. Owó àtúnṣe yìí ni ó lè san owó ìsọ̀ ọdún kejì fún ẹni tó bá ní tábìlì ẹnjiníà. Ẹni tó bá ń tà nìkan á ti ta fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí agbára wọn ká a, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣájà fóònù àti ẹ̀rọ POS sórí àtẹ.