Ọ̀rá Kọ́ Ni Ìbéèrè, Àpá Ni: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀dọ̀ Wò Láìgé E

Lọ́jọ́ tí èsì síkáànù ikùn màámi dé, èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀, ṣebí èmi ni mò ń kọ́ ẹ̀dá-èdè. "Fatty liver" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún wọn níbi tí wọ́n ti ṣe é. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ yín sanra, mà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màámi ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ó kéré tán ohun kan ṣì ń sanra lára àwọn nínú ọ̀wọ́n oúnjẹ yìí. Wọ́n ká ìwé náà sínú àpò. Oṣù mẹ́jọ kọjá.

Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, "o ti sanra" sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé ọ̀rá ti wọnú ẹ̀dọ̀, ó sì lè máa pa á lára díẹ̀díẹ̀ títí àpá yóò fi gba ibi tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn ni àpá wọn kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n àpá yìí gan-an ló ń sọ ẹni tó wà nínú ewu. Ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti F0, níbi tí kò ti sí àpá rárá, títí dé F4, níbi tí ẹ̀dọ̀ ti le tó sì kún fún kókó. Kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Síkáànù ikùn lásán lè rí ọ̀rá, kò lè sọ ìpele àpá.

Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi ń bu díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà nínú. Ohun tí wọ́n bù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 50,000 ẹ̀dọ̀ lọ. Ọ̀nà méjì tó rọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò báyìí.

Èkínní ni FIB-4. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé e jáde, fún àwọn tó ní kòkòrò HIV àti hepatitis C pọ̀. Ìṣirò lásán ni. Ọjọ́ orí, AST àti ALT, tí í ṣe èròjà tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa, àti platelets tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ló tó. Ẹ wo ti màámi: ọdún 54, AST 48, ALT 36, platelets 180. 54 lọ́nà 48 jẹ́ 2,592. Nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ yóò di 36 ni 6. 180 lọ́nà 6 jẹ́ 1,080. Ẹ fi 1,080 pín 2,592: ó jẹ́ 2.4.

Bí ó bá kéré sí 1.3, kò dájọ́ pé àpá tó pọ̀ wà. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, 2.0 ni wọ́n ń lò dípò 1.3. Bí ó bá ju 2.67 lọ, ẹ tètè rí dókítà ẹ̀dọ̀. Àárín ni màámi bọ́ sí, àárín yìí ló sì nílò ọ̀nà kejì.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ FibroScan. A wọkọ̀ lọ sí Èkó fún un. Màámi kò jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n gbé apá ọ̀tún sókè, ẹ̀rọ náà sì ń ta kìkì láàárín egungun ìhà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe fonẹ́tíìkì ti mọ ìdí rẹ̀: bí tán-án-ná bá ṣe le sí, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń lọ sókè, bí a bá fa ọṣán dùndún, ohùn rẹ̀ á ga. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le sí, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tí ẹ̀rọ rán wọ inú rẹ̀ ń yára sí. Kilopascal ni wọ́n fi ń kà á. Bí ó bá wà lábẹ́ 8, ọkàn lè balẹ̀. Ti màámi jẹ́ 9.6.

Dókítà ẹ̀dọ̀ ní kí wọ́n fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, pé àpá ti ń wà, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Yorùbá ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ti ẹ̀dọ̀ yàtọ̀, nítorí àpá rẹ̀ lè dínkù. Bí ènìyàn bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìrètí pọ̀. Màámi wọn kílò 80, nítorí náà kílò 8 ni.

Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ yí orúkọ àìsàn yìí padà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n rí i pé "fatty" àti "alcoholic" ń kó ìtìjú bá aláìsàn. Màámi kò fi ọtí kan ẹnu rí. Nílé wa náà, ọ̀rọ̀ kan ló yí nǹkan padà. Nígbà tí mo pè é ní àpá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n bi mí pé, "Báwo ló ṣe tóbi tó?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, wọ́n sì ti pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì.

Bí ẹnìkan nílé yín bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí tí síkáànù rẹ̀ rí ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ẹ mú èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọ dókítà lọ, kí ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni FIB-4 wọn? Ṣé àpá ti wà níbẹ̀?"