Nígbà tí Eléré Kẹ̀kẹ́ Gbé Wa Lọ Jẹun ní Ìkòyí

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń sè ní ìdáná ara wa. Oúnjẹ olówó gọbọi ni, èyí tí a ń fi fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ jẹ lórí aṣọ funfun, tí agbáwo yóò dúró lẹ́yìn ẹni bí ẹni pé ó ń ṣọ́ ẹni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ. Bàríga ni ó ń gbé. Kò sí ohun tí ó fẹ́ràn bíi kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, orí kẹ̀kẹ́ ni ẹ ó ti bá a, yóò ti Ládi-Lak já sí Akọka kí ọkọ̀ tó kún ojú títì. Ó ti ń bá àwọn eléré díje, ó sì ń rí owó díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó rí èyí tí ó nípọn lẹ́ẹ̀kan, ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin àti Bàbá ni mo fẹ́ gbé lọ jẹun. Kì í ṣe búkà o. Ìkòyí ni."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àmàlà ti tán ní Bàríga ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti jíròrò ìdíje kẹ̀kẹ́ tí ó lókìkí jùlọ láyé, Tour de France. N kò mọ̀. Ó ní ní ọjọ́ 20 oṣù November, ọdún 1902, Henri Desgrange, tí í ṣe olóòtú ìwé ìròyìn L'Auto ní Paris, gbé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, Géo Lefèvre, lọ jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Zimmer. Eléré kẹ̀kẹ́ ni Desgrange fúnra rẹ̀ rí. Ní 1893 ó gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 35 àti díẹ̀ láàárín wákàtí kan péré. Ìwé ìròyìn mìíràn ni ó ń tà ju tirẹ̀ lọ nígbà náà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Lefèvre dá àbá pé kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ yí ilẹ̀ Faransé ká, wọ́n sì rò ó síwá sẹ́yìn lórí oúnjẹ náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù July, ọdún 1903, ọkùnrin 60 gbéra níwájú ilé oúnjẹ mìíràn, Au Réveil Matin, ní ìlú Montgeron. Maurice Garin ni ó borí, L'Auto sì bẹ̀rẹ̀ sí tà wìtìwìtì.

"Nítorí náà, Àǹtí, èmi náà fẹ́ jókòó sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

A lọ. Mo wé gèlè mi, mo da ìborùn lé e, bàbá àwọn ọmọ mi wọ agbádá. Ilé náà tutù bí inú yìnyín. Ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí gùn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ èdè Faransé. Ọmọ náà ti yan ẹran màlúù kan fún gbogbo wa, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi ni mo bi agbáwo pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é. Ó ní, "Àlájà, wáìnì pupa ni a fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀."

Ojú ọmọ náà já wálẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé ọtí náà á ti gbẹ lórí iná. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: iná kì í gbé gbogbo ọtí inú ọbẹ̀ lọ, díẹ̀ a máa ṣẹ́kù. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Òógùn ojú rẹ̀ ni owó yẹn, bí mo bá sì ní n kò jẹ, yóò dà bí ẹni pé mo kọ ọmọ náà.

Bàbá àwọn ọmọ mi kì í sábà sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ìwọ eléré kẹ̀kẹ́, ṣé o mọ Zaaf?" Ọmọ náà ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Mùsùlùmí ará Àlgéríà ni Abdel-Kader Zaaf. Ní ọjọ́ 27 oṣù July, ọdún 1950, nínú Tour de France yìí kan náà, wọ́n ń ti Perpignan lọ sí Nîmes, oòrùn sì ń jó ènìyàn bí iná. Zaaf àti Marcel Molinès, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Àríwá Áfíríkà, sá fi gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀ ní ohun tí ó ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Lójijì ni kẹ̀kẹ́ Zaaf bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó ṣubú, wọ́n gbé e sábẹ́ igi. Nígbà tí ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí ọ̀nà ibi tí ó ti ń bọ̀! Molinès nìkan ni ó dé Nîmes, òun ni ó gba ọjọ́ náà.

Àwọn oníròyìn ní òùngbẹ ni ó mú kí Zaaf gba wáìnì lọ́wọ́ àwọn òǹwòran, àti pé nítorí pé kò mu ún rí ni ó fi pa á. Àwọn mìíràn ní kò mu nǹkan kan, pé oòrùn ni ó gbé e ṣubú, pé wáìnì tí wọ́n dà sí i lára láti fi jí i ni ó ń rùn. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ìtàn ọtí náà ni ayé gbá mú. Ní 1951 Zaaf padà wá, ó sì gun kẹ̀kẹ́ náà dé òpin bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó kẹ́yìn gbogbo wọn. Ta ni ó ń sọ èyí? Mùsùlùmí tí ó mutí lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun náà mọ ọ̀kan: Biniam Girmay, ará Eritrea, ní ọjọ́ 17 oṣù May, ọdún 2022, ní Ítálì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ọjọ́ kan nínú ìdíje ńlá wọ̀nyẹn, wọ́n gbé ìgò wáìnì oníhòóhò fún un pé kí ó ṣí i fún ayọ̀, ìdérí ìgò sì ta bà á lójú! Kò lè bá ìdíje náà lọ mọ́. Ìgò tí kò tíì mu rárá!

Ó pe agbáwo padà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe ẹni tí ń se oúnjẹ." Ọ̀gá alásè jáde wá, ọmọlúwàbí ènìyàn ni. Mo bi í nípa ọbẹ̀, nípa ẹni tí ó dú ẹran náà, àti bóyá òróró tí wọ́n fi ń dín ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín nǹkan mìíràn. Kò bínú. Ó ní ká ní a ti fi tẹlifóònù sọ fún òun ní òwúrọ̀ ni, ìbá ti pèsè sílẹ̀ dè wá; ẹ fi èyí sọ́kàn bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ gbé yín jáde. Ẹja ni a gbà nígbẹ̀yìn. Ó yan án lórí páànù tí ó fọ̀ mọ́ níṣojú ọmọ náà, ata àti òróró titun nìkan ni ó fi sí i. Ẹja náà dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó kéré! Iye tí wọ́n kọ fún wa sí ìwé, n kò ní sọ ọ́ níhìn-ín, kí àwọn ìyá má baà ké.

A gba orí Afárá Kẹta padà. Eléré kẹ̀kẹ́ a máa jẹun ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí ó bá sáré, ọmọ yìí sì ti gun kẹ̀kẹ́ láti òwúrọ̀. Nígbà tí a dé Bàríga, ó ní kí a dúró díẹ̀. Ó wọ búkà kan tí kò tíì pa iná, ó jókòó, ó sì jẹ àmàlà àwo méjì pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi jókòó tì í, à ń wò ó.