Ìjàpá Tí Kò Ríran Lálẹ́

Aago méje alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okaishie, láàárín ìlú Accra. Èrò tó máa ń há gádígádí síbẹ̀ lọ́sàn-án ti ń túká. Ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, èmi àtàwọn ọmọ wọn méjì wà lẹ́yìn nínú Volkswagen Beetle àtijọ́, èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Bá a ṣe forí lé ọ̀nà Makola báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ṣàdéédé tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tó ru ọpọ́n irin ńlá wà níwájú wa gan-an. Díẹ̀ ló kù ká gbá a.

Ọmọ náà kò sáré já sójú títì. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwa ni a ò rí i. Iná iwájú ọkọ̀ wa tàn lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ló pọ́n bí iná àtùpà elépo.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ìgbà tá a délé ni ẹ̀gbọ́n mi sọ pé: “Lọ́la, màá ra gílóòbù tó lágbára jù lọ tí mo bá rí.”

Ẹ lè sọ pé kó kúkú ta ọkọ̀ náà. Àmọ́ ogún bàbá rẹ̀ ni. Bàbá náà wà lára àwọn Yorùbá tí ìjọba Busia fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lóṣù November ọdún 1969 láti fi Ghana sílẹ̀. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó bẹ̀rẹ̀ òwò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ra Ìjàpá yìí lọ́dún 1978, lára àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ nílùú Èkó láti ọdún 1975. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ṣòwò ní Accra, òun fúnra rẹ̀ ló wà á gba Cotonou àti Lomé wá.

Ẹ Má Tíì Ra Gílóòbù

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe iṣẹ́ rẹwáyà ní Accra New Town, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀, ló wá wo ọkọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gílóòbù wo ni kí n rà?”

Bàbá dáhùn pé: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti mọ ibi tí iná náà ń jò sí ni?”

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Torí náà, iná gbọ́dọ̀ rìn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú. Ó máa gba ojú kọ́kọ́rọ́ kọjá, ó máa gba suwíìṣì àti fíùsì kọjá, kó tó dé gílóòbù. Lẹ́yìn náà, ó tún gbọ́dọ̀ gba ara ọkọ̀ padà sí bátìrì. Ọ̀nà àpadàbọ̀ yìí ni àwọn rẹwáyà ń pè ní earth. Ó dà bí omi tó ń gba inú rọ́bà: ibikíbi tí ìdọ̀tí bá ti dí i, omi tó máa jáde á dín kù.

Bàbá tan iná ọkọ̀, ó fi ẹnu mítà kan sórí bátìrì, ó sì fi ìkejì kan ibi tí wáyà ti wọ gílóòbù. Fólítì tó sọ nù lójú ọ̀nà ju 1 lọ. Bó bá ti ju ìdajì fólítì lọ, ó ti pọ̀ jù. Ó tún wọn ọ̀nà àpadàbọ̀, ibẹ̀ náà ń jò. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìyẹn o. Bí fólítì tó dé gílóòbù bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín.

Kí ló fà á? Ìpẹtà ni. Òkun kò jìnnà sí Okaishie, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì máa ń jẹ irin. Àwọn tó ń gbé ní Èkó àti Cotonou mọ̀ ọ́n dáadáa. Irin tó di àwọn fíùsì mú ti dọ̀tí, bóòtù tó so wáyà earth mọ́ ara ọkọ̀ sì ti dípẹtà. Bàbá tú okùn bátìrì, ó fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ títí irin fi ń dán, ó pààrọ̀ àwọn fíùsì, ó sì dè wọ́n le.

Ohun Tí Iná Ń Sọ

Bàbá ní iná tó ń ṣe ségesège máa ń fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún:

• Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá kú, ẹ wo fíùsì rẹ̀, torí pé fíùsì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá wà nínú irú Ìjàpá yìí. Ẹ tún lè fi gílóòbù ọ̀tún sí òsì. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé gílóòbù, gílóòbù ló kú. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, ọ̀nà iná ni kẹ́ ẹ wò.

• Bí iná gígùn bá ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tí iná kúkúrú kò tàn lápá méjèèjì, ẹ wo suwíìṣì tó ń yí wọn padà àti rílè rẹ̀.

• Bí iná bá ń mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, tó sì ń ṣókùnkùn nígbà tó bá rọlẹ̀, ẹ wo bẹ́líìtì àti ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì sí i lágbára.

• Bí iná bá ń ṣẹ́jú nígbà tẹ́ ẹ bá tan tráfíkétọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ earth.

Àtúnṣe Tó Lè Di Jàǹbá

Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ra gílóòbù ńlá yẹn ńkọ́? Gílóòbù méjì tó jẹ́ wáàtì 45 ń fa nǹkan bí áńpì 7.5. Méjì tó jẹ́ wáàtì 100 á fa ju áńpì 16 lọ gba ojú wáyà àti suwíìṣì kan náà. Wáyà á gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á sì yọ́. Ẹ rántí pé iwájú ni táńkì epo Ìjàpá wà, nítòsí àwọn wáyà yẹn. Bákan náà, ẹni tó bá fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíùsì tó jó ti yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i, ẹ ní kí rẹwáyà fi rílè sí i, kó fa wáyà tó nípọn láti ọ̀dọ̀ bátìrì, kó sì fi fíùsì tiẹ̀ sí i.

Ẹ tún wo ìdérí bátìrì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí èèyàn sì jókòó, irin ìjókòó lè kan orí bátìrì, kó sì gbiná. Ibi táwọn ọmọ máa ń jókòó sí sì nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún gíláàsì iná tókunbọ̀ tó wá láti Britain pẹ̀lú. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún ní April 2, 1972, Ghana sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní August 4, 1974, àmọ́ apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Britain. Iná kúkúrú tiwọn máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè lápá òsì, ìyẹn ojú ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín gan-an. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ògiri lálẹ́. Apá ọ̀tún ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ náà ga sí.

Owó iṣẹ́ àti owó fíùsì ni ẹ̀gbọ́n mi san. Kò ra gílóòbù kankan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a tún gba ọ̀nà Makola. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke lọ níwájú. Ọ̀nà jíjìn la ti rí i, a sì dẹwọ́ eré títí ó fi kọjá.

Kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò alẹ́, ẹ ní kí ẹnì kan nínú ilé dúró síwájú ọkọ̀, kẹ́ ẹ tan iná gígùn àti kúkúrú, kó sì sọ ohun tó rí fún yín. Kò gba ìṣẹ́jú méjì.